Awò Ojú Mẹ́rìnlélógún

Bí ìgbéraga bá jẹ́ iṣẹ́ tí ìjọba ń gba ènìyàn sí, ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ì bá ti dé ipò tó ga jù lọ kí irun tó hù ní àgbọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ìjọba kò ti ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, tàbí níwọ̀n bí kò ti pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà oko màlúù kan. Igba màlúù ló wà níbẹ̀, afúnwàrà mẹ́jọ, dókítà ẹran kan, akọ̀wé kan, àti ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu géètì. Ọ̀gá kò ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Ó ní a kì í ka oòrùn mọ́ àwọn ohun tí oòrùn ń ràn lé lórí.

Orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oyè rẹ̀ gba ilẹ̀kùn ọ́fíìsì láti òkè délẹ̀, débi pé nígbà tí ó tún gba oyè kan sí i, ilẹ̀kùn ni wọ́n pààrọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kò ní àkókò fún gbogbo ìyẹn. Ọ̀gá Ríbọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó wọ oko náà tí kò ní í kọ́kọ́ de ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́, kí ó sọ̀rọ̀ lé e lórí, kí ó sì fi àlùmọ́gàjí gé ríbọ́ọ̀nù náà níwájú àwọn ayàwòrán. Ó ti gé ríbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ omi. Ó ti gé ríbọ́ọ̀nù géètì tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́, oṣù méjì gbáko ló fi wà ní títì, tí àgbà àti èwe ń sá wọ igbó, nítorí Ọ̀gá kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí yóò sọ níbi ayẹyẹ rẹ̀. Ẹ má ṣe bi mí ní ohun tí ènìyàn lè kọ nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún oṣù méjì. Ojú ewé mẹ́tàdínlógún ni.

"Ohun ìjọba tí a kò tíì gé ríbọ́ọ̀nù rẹ̀," báyìí ló máa ń wí, tí yóò na ìka kan sókè bí ẹni fẹ́ gún òfuurufú, "kò tíì dé ilé ayé. Ọlẹ̀ ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Akọ̀wé rẹ̀, tí gbogbo oko ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, yóò di ojú méjèèjì bí ẹni tí oyin kán sí lẹ́nu. "Ó wọ̀ mí lára, sà! Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó tutù." Lójú ẹsẹ̀ ni yóò ṣí ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, Ìwé Ọgbọ́n Ọ̀gá, yóò kọ ọjọ́ sí i, yóò kọ wákàtí sí i, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ náà láìfi àmì kan sílẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka bọ ojú ewé yìí. A óò tún bá ìwé náà pàdé.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, àwọn màlúù kan kò jẹun mọ́. Etí wọn rọ̀ wálẹ̀. Wàrà wọn tó máa ń ya bí omi ẹ̀rọ wá ń sun díẹ̀díẹ̀, ó ki, ó sì pọ́n rúsúrúsú bíi ti màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Dókítà ẹran, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó, fi díẹ̀ nínú wàrà náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó gbọn ẹrẹ̀ bàtà rẹ̀ dànù lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé tọ Ọ̀gá lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àìsàn àwọn ẹyẹ ni. Ó ti bọ́ sára màlúù. Inú wàrà ni kòkòrò rẹ̀ pọ̀ sí jù, ẹni tó bá sì ta sí lójú lè kó o."

"Ṣé wọ́n á fún wàrà náà tàbí wọn ò ní í fún un?"

"Wọ́n á fún un, sà. Bí a kò bá fún un, ọmú á wú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ibi tí àwọn afúnwàrà ń dúró sí."

Kò mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin. Nínú ilé ìfúnwàrà, orí pèpéle ni àwọn màlúù ń tò sí lọ́tùn-ún lósì. Àárín pèpéle méjèèjì ni kòtò wà, inú kòtò náà sì ni afúnwàrà ń dúró sí, kí ó má baà máa tẹ̀ba láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó ronú kan kòtò náà rántí ẹ̀yìn afúnwàrà. Kò rántí ojú rẹ̀, nítorí ọ̀gangan ojú gan-an ni ọmú màlúù wá bọ́ sí. Kí afúnwàrà tó fi ẹ̀rọ sí i, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ fún ìfún mẹ́ta láti orí ọmú kọ̀ọ̀kan sínú ife dúdú kan, láti wò ó bóyá ó dì. Bí màlúù bá ta ẹsẹ̀, tàbí tí ẹ̀rọ bá já, wàrà á fọ́n sí ènìyàn lójú, sí imú, sí ẹnu.

"Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹran ọ̀sìn ti fi awò ìdáàbòbò ojú ránṣẹ́ sí wa, sà," ni Dókítà wí. "Mẹ́rìnlélógún, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbomú. Ẹ fún wọn lónìí."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dìde, ó fà á lọ síwájú kọ́ńbọ́ọ̀dù onígíláàsì kan tó wà ní igun ọ́fíìsì rẹ̀. Iná kékeré ń tàn nínú rẹ̀. Awò mẹ́rìnlélógún tò síbẹ̀ ní ìlà mẹ́rin, mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n ń dán, wọ́n sì kọjú sí ẹni tó ń wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n ń retí ìdáhùn. Àwọn ìbọ̀wọ́ àti ìbomú wà lábẹ́ wọn. Ríbọ́ọ̀nù pupa tó fẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ yí kọ́ńbọ́ọ̀dù náà ká. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn Ọ̀gá.

"Lónìí kẹ̀?" ni ó wí. "Ọlẹ̀ inú ni ìwọ̀nyí, Dókítà. Kọmíṣánnà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù láti wá wo bí mo ṣe ń dáàbò bo àwọn ènìyàn mi. Ṣé kọ́ńbọ́ọ̀dù òfìfo ni kí n fi hàn án? A kì í mú ohun ọ̀ṣọ́ kúrò nínú àpótí kí àlejò tó dé!"

"Ó wọ̀ mí lára, sà!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wí, ó sì ṣí ìwé.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù sí Ọjọ́bọ̀ yẹn, sà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ń béèrè."

Àwọn afúnwàrà ní ìlànà kan tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Bí ara màlúù kan kò bá dá, wọn a so àkísà pupa mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹlẹ́sẹ̀ pupa ni wọ́n ń fún kẹ́yìn gbogbo wọn, ẹni kan ṣoṣo ló ń fún un, wàrà rẹ̀ a sì bọ́ sínú garawa ìdànù. Ẹni kan ṣoṣo náà ni Ìyá Wàrà, olórí wọn, opó tó ti wà nínú kòtò náà fún ọdún mọ́kànlélógún. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú ìyàwó náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí gbogbo ilé ti fi ń wojú Ọlọ́run. Dókítà ti sọ ọ́ fún Ìyá Wàrà ní kọ̀rọ̀ pé ara aboyún kì í lè bá irú àìsàn yìí jà dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Wàrà ti ń fún gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ pupa fúnra rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ìyàwó súnmọ́ ìhà ibẹ̀.

"Ìyàwó mi, fi ìyẹn sílẹ̀. O ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni?"

"Ìyá, ẹ ti fún mẹ́sàn-án láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n gbà yín lọ́wọ́ ẹyọ kan."

"Ẹni méjì ló wà nínú bàtà rọ́bà yẹn. Ìwọ lè láyà. Èkejì kò tíì bá wa ṣèpàdé."

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aláwàdà gbé orí sókè ní òdìkejì kòtò. "Ìyá Wàrà, èmi náà lóyún o. Ẹ wo ikùn mi, ẹ bá mi fún tèmi."

"Ọtí ló fún ọ lóyún. Lọ bá a kó o gba ẹrù ìkómọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú Aláwàdà ti ń pọ́n láti ìjẹta, ó ń ṣomi, ó sì ń lẹ̀ pọ̀ bí ó bá jí. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ti Ìyá Wàrà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kó ẹní rẹ̀ kúrò nínú yàrá, ó lọ ń sùn nínú yàrá ẹrù lẹ́yìnkùlé, ojú fèrèsé ni ó sì ti ń kí ìyàwó rẹ̀. Ó mú ìgò omi onírọ́bà mẹ́jọ, ó fi ọ̀bẹ gé wọn sí méjì, ó fa rọ́bà ìdí síkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yọ, ó sì fi ṣe ìbòjú fún gbogbo àwọn afúnwàrà. Wọ́n rí bí ẹni tó ki orí bọ àtùpà. Ṣùgbọ́n wàrà ń ta sí ìgò, kò ta sí ojú mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni èyí fi ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ọ̀gá wá ṣàbẹ̀wò oṣooṣù, áńkáṣíìfù ní imú, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àga kan lọ́wọ́, bí ó bá rẹ̀ ẹ́ láti máa wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ó dúró létí kòtò, ó wo àwọn ìgò náà, ẹnu rẹ̀ sì ṣí.

"Kí ni ìwọ̀nyí? Ṣé orí àkìtàn ni mo ti ń ṣàkóso ni? Kọmíṣánnà á dé, á sì bá pàǹtí lójú àwọn ènìyàn mi! Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, kó wọn."

"Ọ̀gá, àwọn ló ń gba wàrà dúró," ni Aláwàdà wí.

"Kí ló dé tí o fi ojú pupa wò mí?"

"Wàrà ló ta sí i, sà."

"Àìsùn ni! Àìsùn àti àfojúdi!" Ọ̀gá na ìka sókè. "Láti òní lọ, ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n nínú oko yìí, ilẹ̀ ni kí ó máa wò níwájú èmi àti àlejò mi. Ojú pupa kò bá ògo ibi yìí mu. Ẹ sọ fún ẹ̀ṣọ́ kí ó máa ṣàmúṣẹ rẹ̀ láti ẹnu géètì."

"Ó wọ̀ mí lára, sà!"

Wọ́n kó àwọn ìgò lọ. Ìyá Wàrà wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà sì wo ilẹ̀, kì í ṣe nítorí òfin.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Wàrà fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó sì lọ sí ọ́fíìsì. Ó jẹ́ ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ lè bí Ọ̀gá, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì jìnnà sí tábìlì kí àìsàn rẹ̀ má baà ran ẹni tó wá bẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹyọ kan péré ni mo wá tọrọ. Kì í ṣe fún èmi. Fún ìyàwó mi."

"Ẹyọ kan! Ìwọ ìyá yìí, wo ìlà yẹn. Mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà. Bí mo bá yọ ẹyọ kan, kí ni ìlà náà á jọ? Á jọ ẹnu tí eyín iwájú yọ!"

"Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, sà."

"Òkèèrè náà ni mo ní kí ẹ ti máa wo àwọn awò yìí."

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Wàrà kò dìde.

"Ẹ jẹ́ kó lọ sí ilé oúnjẹ màlúù nígbà náà, kó máa wọn oúnjẹ títí yóò fi bímọ. Aboyún ni, sà."

Nígbà náà ni ojú Ọ̀gá tàn. Àwọn ènìyàn kan wà tí àánú kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, àfi bí ó bá gbé kámẹ́rà dání. "Aboyún? Oṣù mélòó?"

"Ó ń wọ oṣù keje lọ, sà."

"Ṣé yóò hàn dáadáa nínú fọ́tò?" Ó ti dìde, ó ń rìn kiri. "Wò ó! Aboyún nínú kòtò! Èmi nìyí, mo ń fi awò àkọ́kọ́ sí i lójú! Ìyá àti ọmọ lábẹ́ ọwọ́ ààbò mi! Kò gbọdọ̀ kúrò nínú kòtò náà ní ìṣísẹ̀ kan."

"Bó bá kó àìsàn kí ọjọ́ náà tó pé ńkọ́, sà?"

"Kò lè kó o," ni Ọ̀gá wí. "Kò sí nínú ètò."

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, Ọ̀gá tún jáde láti wo bí ilé ṣe mọ́ sí. Ó rí àwọn màlúù mọ́kànlá tí àkísà pupa wà lẹ́sẹ̀ wọn, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wo ọ̀ṣọ́! Ta ló ronú kan èyí? Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ mọ́kànlá péré? Ṣé àwọn ìyókù kì í ṣe màlúù ìjọba ni?"

"Àmì àìsàn ni, sà," ni Dókítà wí. "Òun ni wọ́n fi ń mọ èyí tí wọn yóò ṣọ́ra fún."

"Dókítà, ibi tí àwa ti ń rí ẹwà ni ìwọ ti ń rí àìsàn. Lọ wo ojú ara rẹ. Ẹ so ríbọ́ọ̀nù mọ́ gbogbo wọn! Kí ó pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ẹsẹ̀ igba màlúù. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, kò sí ẹni tó lè fi ojú dá èyí tó ń ṣàìsàn mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ara rẹ̀ le. Àbí kí ni mo wí? Ẹni kan wà. Ìyá Wàrà mọ ọmú màlúù kọ̀ọ̀kan bí ìyá ṣe mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn fèrèsé ìyàwó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Lọ́la, apá ọ̀tún mi ni kó o dúró sí. Bí mo bá fa ọwọ́ rẹ, má bi mí pé kí ló dé. Kọjú sí ògiri."

"Ìyá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà. Ṣá kọjú sí ògiri."

Ọjọ́bọ̀ dé. Ọ̀gá wọ kóòtù funfun àti bàtà funfun, wọ́n sì tẹ́ ẹní láti géètì dé ilé ìfúnwàrà kí Kọmíṣánnà má baà fi ẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀. Kọmíṣánnà dé. Obìnrin kúkurú kan ni, bàtà rọ́bà ló sì wọ̀ wá láti ilé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹní kọjá. Ó dun Ọ̀gá wọ inú eegun, ṣùgbọ́n ó fara dà á. Wọ́n ti gbé kọ́ńbọ́ọ̀dù náà wá sí etí kòtò pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Àwọn afúnwàrà mẹ́jọ tò sínú kòtò, wọ́n doríkodò.

Ọ̀gá ṣí ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú ewé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

"Kọmíṣánnà wa ọlọ́lá, ìràwọ̀ tí ń tan ìmọ́lẹ̀ sórí gbogbo ohun tí ń jẹ́ wàrà! Nígbà tí a dá ilé ayé, a dá ojú. Nígbà tí a dá ojú tán, a rí i pé ojú nílò ọ̀gá…"

Ní ojú ewé kẹẹ̀ẹ́dógún, Kọmíṣánnà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá rí i, ó sì pinnu láti mú ohun tí ó fi pamọ́ dé ìparí wá síwájú. Ó ní òun fúnra òun yóò sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò láti fún wàrà, kí ayé lè rí ewu tí òun ń gba àwọn ènìyàn òun lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ò ní í wọ awò?" ni Kọmíṣánnà béèrè.

"Wọ́n á máa rí awò nínú fọ́tò nígbà náà, wọn ò ní í rí èmi."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó wo àwọn màlúù lọ́tùn-ún lósì. Gbogbo wọn ló so ríbọ́ọ̀nù pupa. Èyí tí ara rẹ̀ le ń jà, ó ń ta ìrù, ó ń tẹ ilẹ̀. Ẹyọ kan dúró jẹ́ẹ́ láàárín wọn, orí rẹ̀ wálẹ̀, bí ẹni pé ó ti ń retí ayàwòrán láti àárọ̀. Òun ni Ọ̀gá yàn. Ó pe ìyàwó kí ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ òun; Ìyá Wàrà tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá," ni Ìyá Wàrà wí, ilẹ̀ ló ń wò, "ẹ yan òmíràn. Ìyẹn kò dúró jẹ́ẹ́ nítorí ìwà. Ara rẹ̀ ni kò—"

"Ìwọ ìyá yìí! Ta ló ni oko?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó tán!"

Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ojú rẹ̀ sí ọ̀gangan ọmú, ó sì yíjú sí àwọn ayàwòrán pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó di orí ọmú tó wú náà mú bí ẹni di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó sì fà á sókè. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, Ìyá Wàrà fa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó kọjú sí ògiri. Màlúù tí ọmú ń dùn ta ẹsẹ̀, ẹ̀rọ tó wà lórí ọmú yòókù já, wàrà tó ki, tó pọ́n rúsúrúsú, sì tú jáde. Ó ba aṣọ ìyàwó jẹ́ lẹ́yìn láti èjìká dé ìdí. Ojú Ọ̀gá gba ìyókù, méjèèjì, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀rín.

"Ojú mi! Ojú mi o! Awò! Ẹ fún mi ní awò!"

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, ẹni tí kì í ṣẹ̀ sí àṣẹ, na ọrùn wo inú kòtò. "Sà, a kò tíì gé ríbọ́ọ̀nù."

"Gé e!"

"Ojú ewé kẹẹ̀ẹ́dógún la wà, sà. Ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n ni gígé."

Gbogbo àwọn tó ti ń yìn ín láti àárọ̀ ti sún sẹ́yìn débi ògiri. Ìyá Wàrà nìkan ló fa okùn omi wá, ó di Ọ̀gá mú ní orí bí ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀, ó sì da omi sí i lójú. "Ẹ la ojú yín. Ẹ má fọwọ́ rà á. Ẹ jẹ́ kí omi náà ṣàn. Ẹ ṣé, ọmọ mi, ẹ tún là á." Kóòtù funfun náà rin gbingbin.

Kọmíṣánnà sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò. "Kí ló dé tí ẹ fi ń wo ilẹ̀, gbogbo yín?"

Àwọn mẹ́jọ náà tún doríkodò sí i.

"Ẹ gbójú sókè."

Wọ́n gbójú sókè. Nínú mẹ́jọ, ojú àwọn márùn-ún pọ́n bí ata. 

"Ta ló ní kí ẹ máa wo ilẹ̀?"

Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fẹ́ sọ̀rọ̀, Bẹ́ẹ̀-ni-Sà rí ọ̀nà láti gba ojú rere. "Ó wà nínú ìwé, Mà! Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí!" Ó ṣí Ìwé Ọgbọ́n Ọ̀gá, ó húkọ́ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ka oríkì. Ó ka ti ojú pupa. Ó ka ti àwọn ìgò. Ó ka "òkèèrè náà ni mo ní kí ẹ ti máa wo àwọn awò yìí." Ó ka "kò lè kó o, kò sí nínú ètò." Nígbà tó dé ibi igba màlúù àti ríbọ́ọ̀nù, ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ó gbójú sókè, ó wo ojú Kọmíṣánnà, ó sì ka gbólóhùn tó kù bí ẹni tó ń ka ìwé ìdájọ́ ara rẹ̀.

"Irọ́ ni!" ni Ọ̀gá ké láti abẹ́ omi. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i lábẹ́, sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wí pẹ̀lú ìbànújẹ́. "Lójú ewé kọ̀ọ̀kan."

Kọmíṣánnà gba ìwé náà. Ó na ọwọ́ sí Dókítà, Dókítà sì fún un ní ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé pátákò màlúù. Ó fi ọ̀bẹ náà já ríbọ́ọ̀nù pẹ̀lú ìfà kan. Kò sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn Ọ̀gá tó tutù náà, ó ṣí kọ́ńbọ́ọ̀dù, ó sì mú awò kan fún Ìyá Wàrà. "Ẹ wọ̀ ọ́, Màmá."

Ìyá Wàrà fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́, ó yí ìyàwó rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ògiri, ó sì wọ̀ ọ́ fún un. Ó fa rọ́bà rẹ̀ dé ẹ̀yìn orí, ó wò ó bóyá ó fún un jù. "Ṣé o ń rí mi?"

"Mo ń rí yín, Ìyá."

"Bọ́ aṣọ ẹ̀yìn yẹn, má jẹ́ kó kàn ọ́ lára. Kí o sì máa lọ sí ilé oúnjẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o padà sí kòtò yìí, ní kó wá bá mi."

Ìlà mẹ́ta péré ni lẹ́tà tí wọ́n fi dá Ọ̀gá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó fi ojú ewé mẹ́tàdínlógún ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ń wá ibi tí oyè rẹ̀ wà. Nínú ilé àlejò oko ló ti kà á, níbi tí wọ́n sé e mọ́ pẹ̀lú ojú tó wú bí ẹran tí oyin ta. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un wọ awò, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, ó ń gbé abọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ń yára padà. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà kò yọjú. Ó ń wá ọ̀gá tuntun.

Dókítà ṣàyẹ̀wò ìyàwó lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ìgbà kejì ló tó rẹ́rìn-ín. Kò kó o. Nígbà tí wọ́n sọ fún Ìyá Wàrà, ó jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó ní omi ojú náà dára fún ojú tó ń dun òun. Ó kó ẹní rẹ̀ padà sínú yàrá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Dókítà gbà á láyè, kì í ṣe ṣáájú.

Nígbà tí ọjọ́ ìséra Ọ̀gá pé, ó lọ sí ọ́fíìsì láti lọ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀kùn. Lẹ́nu géètì, ẹ̀ṣọ́ dìde. Ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́ fún un ni, kò sì sí ẹni tó rántí láti wá sọ fún un pé òfin kan ti yí padà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ojú yín ṣì pọ́n díẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n!"

"Ilẹ̀ ni kí ẹ máa wò nígbà náà, sà. Àlejò wà nínú oko."

Ọ̀gá tẹrí ba. Ó wo ilẹ̀. Báyìí ló ṣe jẹ́ pé ẹsẹ̀ màlúù nìkan ló rí bí wọ́n ti ń kọjá lọ sí ilé ìfúnwàrà: ẹsẹ̀ lásán, ẹsẹ̀ lásán, ẹsẹ̀ lásán, títí ti èyí tó kẹ́yìn fi dé, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n so ríbọ́ọ̀nù pupa kan mọ́ ọn, ó fẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e, etí rẹ̀ kò sì gún. Ó fẹ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe ayẹyẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi gbójú sókè, afúnwàrà tó ń da ẹran náà ti fa awò rẹ̀ bo ojú, ó sì ti wọlé lọ.